Fúláwà Tí Ìyá Oníbúrẹ́dì Dà Sílẹ̀

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá bèèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á máa wo ara wọn lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilé búrẹ́dì lẹ ń wá, ọmọdé lásán á mú yín débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ààrò ńlá náà wà, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, igi ni wọ́n sì fi ń dá a. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń dúró lẹ́nu ààrò yẹn, tó ń fi ọ̀pá gígùn ti agolo búrẹ́dì wọlé, tó tún ń fi í fà á jáde. Kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀. Ó kórìíra òórùn rẹ̀ débi pé oníbàárà tó bá mú un dání, ìta ló ti máa ń dá a lóhùn.

Nítorí náà, nígbà tí ikọ́ kan dé tí kò lọ mọ́, tó sì wá ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èéfín ààrò ló di gbogbo ẹ̀bi rù. Ó mu omi gbígbóná títí, ó fi aṣọ bo imú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ ló fi tipátipá gbé e lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni ọkọ yìí, Dẹ́rẹ́bà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán àyà ìyàwó rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ níbẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Kò pẹ́ tí wọ́n tún ya àwòrán mìíràn, ni wọ́n bá rí òjìji kéékèèké mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò náà nílé, nítorí bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti tú ká, kò sì bímọ. Ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ ìfọṣọ. Ó dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì gba ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń gbé e sínú nìkan ló mọ̀ pé ó wà.

Ohun tó kọ́kọ́ dun Ìyá Oníbúrẹ́dì ni pé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ iṣẹ́. Ká ní ọ̀lẹ ni, á máa bú u láti orí bẹ́ẹ̀dì, ara á sì máa tù ú. Ṣùgbọ́n obìnrin náà á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti po fúláwà, á ti gbá ilé, á ti se oúnjẹ, á ti di irun ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí, kí ọmọ náà tó lọ sílé-ìwé. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ igun tí iná ti ń mú jù nínú ààrò, ohun tó gba Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ní ọdún gbọọrọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, wá dúró lójú fèrèsé tí aláìsàn jókòó sí.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ kú ìsinmi o! Ẹ fara balẹ̀ gba ìtọ́jú, ẹ má wulẹ̀ kánjú dìde. Búrẹ́dì àbúrò yín yìí, ó rọ̀ bí òwú!"

"Ẹ ṣeun, Mà," ló dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bí ìyá náà ti kọjá, Ìyá Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ mú búrẹ́dì kan, ó ya á sí méjì, ó tọ́ ọ wò. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ó bá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

Láàárín àkókò yìí náà ni dókítà pè é, òun àti Dẹ́rẹ́bà. Ọkùnrin kan ni dókítà yìí tó máa ń yọ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní ìtọ́jú kan wà tí wọ́n fẹ́ fi lọ̀ wọ́n.

"Mà, àwọn ọmọ ogun wà nínú ara yín tó ń bá àìsàn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun kì í ṣàdédé mọ ọ̀tá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fi ọ̀tá hàn wọ́n. Wọ́n á já díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun, wọ́n á ní, 'Ẹni tí ẹ máa lù rèé.' Jẹjẹrẹ yìí gbọ́n púpọ̀. Ó ń ṣe bí ará ilé, kò sì jẹ́ kí àwọn afọ̀táhàn yẹn rí i dáadáa."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?" Dẹ́rẹ́bà bi í.

"A máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá nínú ẹ̀rọ kan, a máa ṣa irú sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́, ìyókù á padà sí wọn lára lójú ẹsẹ̀. Ní láàbù, wọ́n á tọ́ àwọn tí a ṣà dàgbà, wọ́n á fún wọn ní díẹ̀ lára jẹjẹrẹ tí a gé kúrò nígbà iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, a máa fi abẹ́rẹ́ dá wọn padà sábẹ́ awọ."

"Ṣé á wò mí sàn?" Ìyá Oníbúrẹ́dì ló bèèrè.

Dókítà gbé awò padà sójú. "Mi ò ní purọ́ fún yín, Mà. A ṣì ń dán an wò ni. Ó ti bá àwọn kan dá a dúró. Kò ṣe nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Ara lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kó sì máa ro yín, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í pẹ́ lọ."

Ó gbà. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e jókòó sórí àga gígùn kan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá wà ní apá ọ̀tún, òmíràn wà ní apá òsì, ẹ̀rọ náà sì ń kùn wùn-ún-wùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, obìnrin kan wá láti láàbù láti gba àpò kékeré tí wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì sí. Ó mú fóònù jáde, ó fi àwòrán kan hàn án: àwọn nǹkan roboto tó yọ ẹ̀ka káàkiri, bíi gbòǹgbò igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú.

"Bí tiyín náà ṣe máa rí rèé, Mà, tí wọ́n bá dàgbà."

"Ṣé ibi tó móoru lẹ máa tọ́jú wọn sí, bí àwa ṣe ń ṣe yíìsì?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ o, Mà! Ojoojúmọ́ ni mo máa ń yọjú sí wọn. Mo máa ń kí wọn gan-an."

"Kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní, 'Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́.'"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì wọ takisí tó ń lọ sílé, tó ń wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe funfun lórí itan rẹ̀, ẹ̀rín náà ti gbẹ. Ó ń rò ó pé, ẹ̀jẹ̀ mi wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń bá mi tọ́ ọ, ilé mi wà lọ́wọ́ obìnrin kejì. Kí ló wá kù tí èmi fúnra mi ń ṣe?

Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ tó mọ̀ mọ̀ ọ́n o. Ẹ̀rín àrínpa ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìhà mú. Dẹ́rẹ́bà jókòó sórí garawa tó da ojú dé, búrẹ́dì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró síwájú rẹ̀, ó ń sọ ìtàn oníbàárà kan tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò tó kó wá fọ̀, tó wá padà wá bèèrè rẹ̀ láìlè pe eyín lẹ́nu. Ó ń ṣe bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ti ká ètè rẹ̀ sínú. Épírọ́ọ̀nù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ti Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, aláwọ̀ búlúù tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tó ti dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀.

Bí wọ́n ti rí i, ẹ̀rín dá.

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

"A ò mọ̀ pé ẹ ti dé ni, Àǹtí mi. Ẹ wá jókòó, ẹ kú ìnira."

"Ẹ máa rín in lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tó rín mọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù: pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń rí tí ẹ̀rín ń kú. Kò tíì jókòó tán ni ọmọbìnrin rẹ̀ pariwo láti ìta pé, "Màámi!"

"Hẹn-ẹn?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

Ó bo ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọlọ́pàá nínú ilé ara rẹ̀. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá bu oúnjẹ fún Dẹ́rẹ́bà, á wo bí ẹran ṣe tóbi tó. Bí Dẹ́rẹ́bà bá ní "O ṣeun" fún àbúrò, á máa fi wé bó ṣe ń sọ ọ́ fún òun. Ọkọ rẹ̀ ti ń sùn sórí àga pálọ̀ láti ìgbà tí ikọ́ rẹ̀ ti le, kí àyè lè gba aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ. Ní báyìí, ó ń ṣírò rẹ̀ pé láti pálọ̀ sí yàrá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré ló wà láàárín.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ gbóná, ó sì rọlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì pé, ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Bó ṣe ti ọsibítù dé ní ìrọ̀lẹ́, tí Dẹ́rẹ́bà lọ fọ bọ́ọ̀sì, tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ọmọ ń to igi lẹ́yìnkùlé, ó mú asẹ́ àti fúláwà, ó fara ti ògiri, ó sì jọ̀ ọ́ sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ẹnu pálọ̀ dé ẹnu yàrá àbúrò rẹ̀. Ó jọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, débi pé àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Ó ń wú ikọ́, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń jọ̀ ọ́. Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má tan iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ń dun òun lójú. Lẹ́yìn náà ló lọ dùbúlẹ̀. Ibà abẹ́rẹ́ dé, ó gbé e lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ó rá bàbà ti ògiri jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò.

Ẹsẹ̀ Dẹ́rẹ́bà rèé, pẹlẹbẹ bíi páànù, ó ti pálọ̀ wá tààrà dé ẹnu yàrá Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì rèé, ó jáde láti inú yàrá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò wò ju ìyẹn lọ. Ohùn tí kò mọ̀ pé òun ṣì ní ló fi ké.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́! Jáde wá! Jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré dé láti ìdí ààrò, fúláwà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Dẹ́rẹ́bà jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

"Ta ni ó ń wọ yàrá ta ni ní òru? Ẹ jẹ́ kí n kú ná, kí ẹ tó pín mi! Ṣé épírọ́ọ̀nù mi ò tó ọ ni? Ṣé ààrò mi ò tó ọ?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná..."

"Mi ò gbọ́! Kó ẹrù rẹ! Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò nínú ilé mi kí n tó ṣẹ́jú!"

Dẹ́rẹ́bà wo ilẹ̀. Ó wo fúláwà náà pẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń dúró dè é létí títì. Ó jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ìyẹn ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò jiyàn mọ́. Ó ṣan ọwọ́, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ṣẹ́ ẹ dáadáa, ó gbé e sórí àga, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Búrẹ́dì tó wà nínú ààrò sì jóná di èédú.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ariwo ti lé sí kọ̀rọ̀ tí kò fi bá bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ lọ sílé-ìwé, wá jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó fẹ́ gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró.

"Màámi, kí lẹ da fúláwà sílẹ̀ fún?"

"Gbá a, kí o dákẹ́."

"Ẹ wò ó, ó ti dé inú yàrá yín. Ìdí bẹ́ẹ̀dì yín ni gbogbo ẹsẹ̀ wọn lọ."

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú padà. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹnu yàrá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yà, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n di funfun lórí sìmẹ́ǹtì yàrá tirẹ̀. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé. Lápá ibi tí orí rẹ̀ wà, àpá eékún méjì ló fẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàsíà omi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìnura tútù sì wà lórí rẹ̀. Orí àwọn ẹsẹ̀ yìí ló gbà kọjá jáde láàárọ̀, kò sì rí wọn.

"Ẹ̀yin ni ara yín gbóná, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ tí kò yé wa," ni ọmọ náà sọ. "Bàámi wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí Àǹtí wá bá àwọn fi omi nù yín lára. Mo gbọ́ wọn. Ṣé ẹ̀gbẹ́ Àǹtí kọ́ ni mò ń sùn ni? Ẹ di ọwọ́ Àǹtí mú, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n padà lọ sùn. Orí eékún ni wọ́n wà títí tí ilẹ̀ fi mọ́."

Owú ti mú un gbàgbé pé ọmọ òun ló ń sùn ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó rántí wàyí pé òun di ọwọ́ kan mú nínú ibà náà. Ó ti rò pé ọwọ́ ìyá wọn olóògbé ni.

Ó wọ bàtà. Ọmọ ní òun á bá a lọ, ó ní rárá. Ibùdókọ̀ kò jìnnà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n ti gé lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀nà ọjọ́ kan ni. Ó ń rìn, ó ń di ọ̀pá iná mú, ó ń mí, ó tún ń rìn. Ó bá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí bẹ́ńṣì, báàgì wà lórí itan rẹ̀, ọkọ̀ kò tíì kún. Ó jókòó tì í. Ó ń mí hẹlẹ.

"Ta ló ní kí ẹ rìn wá síbí? Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò wo ojú rẹ̀.

"Mo ti rí ẹsẹ̀ yín ní ìdí bẹ́ẹ̀dì mi."

"Hẹn. Ẹ ti wá rí i."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

"Mo bínú o, Àǹtí mi! Ẹ rò pé ọkọ yín ni mo fẹ́ gbà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Kí n wá sọ tèmi. Mò ń jowú yín. Kì í ṣe ti ọkọ, ẹ fi ọkọ yín mu tíì. Láti kékeré lẹ ti ń dá nǹkan ṣe tó ń yọrí. Ilé, iṣẹ́, ọmọ. Ọjọ́ tí ọmọ yín pe Màámi tí mo dáhùn, ẹ̀yìn ààrò ni mo lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ojú tì mí bó ṣe dùn mọ́ mi lẹ́nu."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo àwọn tó ń kó ẹrù sórí ọkọ̀.

"Kì í ṣe pé wàá gbà á ló ń bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá kú, ilé yẹn á ṣì máa rẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì á ṣì máa rọ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó le bí òkúta ni?"

"Ọdún àkọ́kọ́ nìkan!"

Ẹ̀rín gbé wọn, ikọ́ gba ẹ̀rín lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì di èjìká rẹ̀ mú títí ikọ́ náà fi lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀. Ó ní òun á padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ló máa fẹnu ara rẹ̀ bẹ Bọ̀ọ̀dá, ọkọ rẹ̀.

Ó bẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́nu bọ́ọ̀sì, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gbé ọwọ́ lé sítíárì.

"Mi ò bínú," ló sọ. "Ojú ló tì mí, ni mi ò ṣe lè sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìyàwó mi ń ṣàìsàn, mo wá jókòó sórí garawa, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o pariwo, mo rò pé o ti rí ìtìjú mi yẹn."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹ kàn máa pè mí kí n wá gbọ́."

Wọ́n fún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ tó kù. Ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Dẹ́rẹ́bà á gbé bàsíà omi wá, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì wà ní títàn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, dókítà yọ awò ojú. Ọ̀kan nínú òjìji mẹ́ta náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àwọn méjì yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, wọn ò dàgbà. Ó ní òun ò ní pè é ní ìwòsàn, pé wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á sì tún fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn. Obìnrin láàbù yọ orí sínú yàrá, ó ní, "Àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́ o, Mà!" Ìyá Oníbúrẹ́dì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, ó ní, ọmọ tèmi ni wọ́n.

Wọ́n wó ààrò igi, wọ́n ra ti gáàsì, nítorí èéfín. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń jókòó po fúláwà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró tì í títí ara rẹ̀ fi gbé e, ó sì wá lọ dá ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀ ní òdì kejì ìlú. Ìyá Oníbúrẹ́dì fún un ní agolo, ó fún un ní asẹ́, ó sì kọ́ ọ ní bó ṣe máa bá àwọn tó ń ta fúláwà dúnàádúrà. Kò júwe ilé búrẹ́dì àbúrò rẹ̀ fún oníbàárà kankan o. Ẹni tó bá fẹ́ ni kó wá a rí.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ọmọ ní òun fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí. Ìyá rẹ̀ kó aṣọ fún un, ó fi búrẹ́dì mẹ́ta sí i, ó ní kó kí Àǹtí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Kò tíì pé ọjọ́ mélòó kan tó wá bá Dẹ́rẹ́bà lórí àga pálọ̀.

"Ẹ lọ gbé ọmọ mi wá."

"Ọjọ́ Àìkú la dá."

"Ẹ lọ gbé e wá lónìí."

Dẹ́rẹ́bà wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé owú yẹn náà ni?"

"Owú yẹn náà ni," ló sọ. Ó ju kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sí i. "Ẹ tètè máa lọ. Kí ẹ sì mú àbúrò mi dání bọ̀, kó wá bá wa jẹun."